Bébà Dídán Lẹ́yìn Fóònù Eunice

Àárò Elisha ń sọ Eunice gan-an. Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Yola, ilé tí èmi àti Eunice jọ ń gbé ní Felele sì ti pa lọ́lọ́. Ohùn Elisha nínú fóònù nìkan ló kù fún un. Bó bá ti ọ́fíìsì dé, á ki fóònù sáàárín etí àti èjìká, á máa ṣa ẹ̀wà, wákàtí kan á kọjá.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu èmi yìí náà ni. Eunice ní etí ń gbóná òun, mo ní fóònù ló ń se ọpọlọ rẹ̀. Ta ló sọ fún mi? Ọkùnrin kan tó ń ta bébà dídán ní Gadumo ni. Ó ní ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù ti bọ́. Mo ra méjì, mo fún Eunice ní ọ̀kan. Ìyẹn ò tó o, ó tún fi bébà onírin tí wọ́n fi ń yan ẹja wé ẹ̀yìn fóònù náà.

Láti ọjọ́ yẹn, ìpè Elisha ò wọlé dáadáa mọ́. Èyí tó bá wọlé, á já. Eunice bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọkọ òun ti rí ẹlòmíì. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo fóònù. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé èmi náà sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé, Nàbílà, aládùúgbò wa tó jẹ́ tíṣà físíìsì, wá kí i. Ó rí fóònù náà, ó béèrè ohun tí bébà ń ṣe lára rẹ̀. Mo fi ìgbéraga ṣàlàyé.

“Ẹ̀yin gan-an lẹ dí i lọ́nà,” ni Nàbílà wí. “Ìgbì rédíò ni fóònù fi ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá bò ó, ṣe ló máa pariwo sí i kí òpó tó gbọ́. Ohun tẹ́ ẹ ń sá fún náà lẹ tún ń fi kún.”

Eunice ní ṣé ọpọlọ òun ò tíì bàjẹ́ báyìí. Nàbílà ní kó fọkàn balẹ̀: àwọn onímọ̀ ò tíì rí ẹ̀rí tó dájú pé fóònù ń ba ọpọlọ jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wádìí, ẹni tó bá ṣọ́ra ò jẹ̀bi. Ooru bátìrì ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbóná létí rẹ̀.

Wọ́n bó bébà náà dànù. Kò pẹ́, Elisha pè. Nàbílà ní kí Eunice tẹ sípíkà, kó gbé fóònù sórí tábìlì. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

“Eunice, kí ni mo ṣe fún ọ? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń pè ọ́. Mo rò pé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́ ni.”

Eunice gbọ́wọ́ lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó ń sunkún. Ojú tì mí, mo yọ́ jáde.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má ra bébà ẹlẹ́tàn. Ẹ tẹ sípíkà tàbí kẹ́ ẹ lo íápíìsì, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá máa gùn. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá ti dára ni fóònù ti ń lo agbára jù, torí náà ẹ bọ́ síta, tàbí kẹ́ ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Etí ni kẹ́ ẹ gbé fóònù jìnnà sí, kì í ṣe àwọn tí àárò yín ń sọ.