Ta Ló Ti Fáìlì Omi Kànga Pa?

Ìyá Omi wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní yàrá àyẹ̀wò. Yíyẹ omi kànga wò ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ilé ìwé kan ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: ṣé kí àwọn ọmọ tún máa mu omi kànga wọn, àbí kí wọ́n ṣì ní sùúrù? Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti ní omi náà mọ́. Ó kù kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ṣí fáìlì tí gbogbo wọn jọ ń kọ àbájáde sí. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé: "Fáìlì yìí wà ní títì. Ẹlòmíràn ń lò ó. O lè kà á, o ò lè kọ nǹkan sí i."

"Ẹlòmíràn wo?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀ ju òun àti àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹni tí òun sọ ní Akọ̀wé láti ọjọ́ tí òun ti di ìyàwó ilé wọn.

"Ìyàwó wa, ẹ má da ara yín láàmú," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. A ó kọ tiwa sínú ẹ̀dà, a ó sì fi rọ́pò èyí tó wà ńlẹ̀."

"Ẹ̀dà tí ẹ ṣe lóṣù tó kọjá ńkọ́, Akọ̀wé mi? Èyí tí ẹ pè ní Tuntun, tó bí Tuntun Gan-an, tó tún wá bí Èyí-Ni-Ká-Lò?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n já títì náà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́."

Ìyá Omi fẹ́ gbà, torí ọ̀sán ń bọ̀. Àmọ́ ó ń wù ú gidigidi láti mọ ẹni tó di fáìlì náà mú. Ó pe Bàbá Àká wá, ọ̀gá tó ń bójú tó ibi ìkópamọ́ orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo yàrá ìwádìí jọ ń kó iṣẹ́ wọn sí.

"Ẹ fọwọ́ wọ́nú ná," ni Bàbá Àká wí. "Tí ẹnì kan bá ń kọ nǹkan sínú fáìlì, ó máa tì mọ́ àwọn yòókù, kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà pa ti ẹlòmíràn rẹ́. Tí èèyàn bá ń wẹ̀ lọ́wọ́, ṣé ilẹ̀kùn lẹ máa já ni? Ṣe lẹ máa kanlẹ̀kùn."

Ó tẹ nǹkan díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ kọ̀ǹpútà mìíràn sì jáde. "Èyí tó wà lára ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ omi wò ló dì í mú."

"Kò lè jẹ́," ni Akọ̀wé wí. "Mo da omi ilé ìwé yẹn sínú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kejì lánàá. Nígbà tí mo padà dé, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti dúdú. Mo rò pé iná tó lọ ló pa á kó tó parí."

Ìyá Omi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. "Kò kú, Akọ̀wé. Ó sùn ni."

Wọ́n lọ síbẹ̀. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì kan, ojú kọ̀ǹpútà sì là. Fáìlì náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀rọ ti parí iṣẹ́, ó ti kọ àbájáde rẹ̀ sí ìlà tó gbẹ̀yìn, ó kàn ń dúró kí ẹnì kan fi í pamọ́ ni. Kòkòrò àìsàn tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò rí pọ̀ nínú omi náà.

Ẹ̀rù ba Ìyá Omi. "Pé omi náà mọ́ ni mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀."

"Ká sì ní mo já títì náà ni, ìlà yìí ì bá ti lọ," ni Akọ̀wé wí.

Wọ́n fi iṣẹ́ náà pamọ́, wọ́n pa fáìlì dé, títì náà sì yọ fúnra rẹ̀. Ìyá Omi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ kankan má mu omi kànga yẹn, ó sì ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ilé ìwé náà.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń lo ibi ìkópamọ́ kan, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá bá fáìlì ní títì, ẹ má já a, ẹ má sì fi ẹ̀dà rọ́pò rẹ̀. Ẹ wádìí ẹni tàbí ẹ̀rọ tó dì í mú, kí wọ́n fi ohun tó wà níbẹ̀ pamọ́, kí wọ́n tó pa á dé. Bí ẹ kò bá rí onítọ̀hún, ẹ pe alábòójútó. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá parí tiyín, ẹ pa á dé kí ẹ tó dìde. Ọmọ tó fẹ́ bu omi mu kò mọ̀ pé fáìlì kan wà níbìkan.