Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Oníbúrẹ́dì

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n rí i pé olè ti wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì. Kọ́bọ́ọ̀dù fọ́ yángá, bí ẹni pé erin mẹ́ta ló fi èjìká gbún un. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ sí àwọn aṣòfin nìkan ni olè mú. Ẹgbẹ̀rún méjì oníbúrẹ́dì ló buwọ́ lù ú, kí àwọn aṣòfin lè da òfin tó ti ilé búrẹ́dì kéékèèké pa láti oṣù méjì nù. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó lé e. Bí ìwé ò bá dé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pe Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá. Ojú ẹ̀ mú débi pé ó lè ka ìwé tó wà nínú àpò ẹni tó ń sáré lọ. Ilé tiẹ̀ nìkan ni kò sí nǹkan tó lè wò níbẹ̀: àwo kan, ṣíbí kan, àga kan.

Alága ẹgbẹ́, ìyá kan tí ohùn ẹ̀ ń mi fèrèsé, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, aṣojú àwọn onílé-iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá ló jí i. Ẹ lọ gbé e. Àmọ́ ó tan ara ẹ̀ ni. Mo ti fi fọ́tókọ́pì ránṣẹ́ sílé aṣòfin."

Aṣojú náà ń rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì tiẹ̀ lódìkejì ọ̀nà. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Fọ́tókọ́pì wọn kan rèé lórí tábìlì mi. Ẹni tó jí ìwé tó wà káàkiri, ṣé orí ẹ̀ pé?"

Ojú-Àwòdì padà. Akọ̀wé ẹgbẹ́, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so táì, fajú ro sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá, fọ́tókọ́pì ti lọ. Kí ló tún kù?"

"Wọn ò ní gbà á. Èyí tí íńkì ìbuwọ́lù gan-an wà lára ẹ̀ nìkan ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ máa ń gbà. Ó ti dá fọ́tókọ́pì padà lọ́wọ́ mi rí."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Ẹ̀yin lẹ jí i nìyẹn, Bàbá. Màmá rò pé fọ́tókọ́pì tó. Aṣojú yẹn náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé tí ìyẹn bá sọnù, gbogbo ẹ̀ dúró."

Bàbá náà fọwọ́ bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó yọ ìwé jáde.

Ohùn Alága wálẹ̀. "Kí la fi ṣe yín, Bàbá Akọ̀wé?"

"Tí ọ̀rọ̀ yìí bá parí lónìí, ẹ ó ti ọ́fíìsì, ẹ ò sì ní rán mi sílé aṣòfin mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn aṣòfin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí mi. Nílé, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá mi sọ̀rọ̀, kì í sì í dúró gbèsì."

Alága gba ìwé, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Títí ó fi dé ilé aṣòfin, gìgísẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀. Ó bá ìgbìmọ̀ lórí ìjókòó.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ojú-Àwòdì bèèrè pé, "Ta ni ká pè fún yín?"

Bàbá náà tún táì ẹ̀ ṣe. "Akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Ojú-Àwòdì pè é, ó ṣàpèjúwe bàbá náà: táì ẹ̀, ọdún mọ́kànlá.

"Àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ pọ̀, ọ̀gá," ni ẹni náà wí. "Èwo nínú wọn?"

Ojú-Àwòdì gbé fóònù sílẹ̀.

"Kí ló wí?" ni bàbá náà bi í.

"Ó ní kí n kí yín," ni Ojú-Àwòdì dáhùn, ó sì fa àga, ó jókòó tì í.