Ajá Tí Habibullah Kò So

Ọjọ́ tí Habibullah kọ́kọ́ rí Huda, wàláà ni ọmọbìnrin náà nà síwájú bí apata ogun, ọmọ kéwú mọ́kànlá sì fún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí òròmọdìẹ tó rí àwòdì. Híjáábù rẹ̀ aláwọ̀ ewé ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ le koko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yẹ̀ níbi tó dúró sí. Ajá ló ń bá jagun. Ajá Habibullah.

Pápá tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí ní Adéwọlé ni, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì. Habibullah kó àgbò ìsọmọlórúkọ wá láti Òkè-Oyì nínú ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀. Kó tó tú okùn àgbò, ajá ti fò bọ́ọ́lẹ̀. Ajá yìí kì í ṣe kékeré. Etí rẹ̀ tó í fi bo ilé alájà méjì, bó bá sì ń sáré, ọlọ́kadà á yà fún un. Bàbá Habibullah ló sọ ọ́ ní Kòkànyín, nítorí àwọn aládùúgbò tí ẹnu wọn kì í kúrò lọ́rọ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tí Habibullah wá ń sáré kiri Adéwọlé, tó ń pariwo "Kòkànyín! Kòkànyín!", gbogbo obìnrin tó wà lójú fèrèsé ló rò pé àwọn ló ń bú.

"Kì í gé ni jẹ o!" ló ń wí bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Eré ló ń ṣe!"

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Huda kò mójú kúrò lára ajá. "Ẹ ní kó tún un sọ, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́."

Ajá kò sọ nǹkan kan. Ó fò mọ́ ọn, ó sì fi ahọ́n tó gùn bí ọ̀nà Jẹ́bà lá etí híjáábù rẹ̀. Igbe tí àwọn ọmọ ké, àwọn òkú tó wà ní itẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò ké. Zahrah ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Huda kú fi sílẹ̀ fún un tọ́. Òun kàn dúró gbagidi, ìtọ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Habibullah gbá ajá lọ́rùn mú. Ojú tì í débi pé, bí ilẹ̀ bá lanu, á wọlé láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹ foríjì mí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mọ́gàríbà ti fẹ́ẹ̀ dé, itọ́ ajá sì ti kún aṣọ mi. Kí ni kí n fi àforíjì ṣe? Omi ni kí ẹ wá."

Ó sáré lọ mú búútà mọ́sálásí, ó fi fìlà rẹ̀ bu erùpẹ̀ wá. Ó ń da omi, Huda ń fọ etí híjáábù, bí wọ́n ṣe máa ń fọ ẹ̀gbin ajá lẹ́ẹ̀méje.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí," Habibullah wí.

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní ìṣirò ní Òkè-Oyì ni?"

"Wọ́n kọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ni."

Huda gbójú sókè. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ṣáájú ìbínú dé ẹnu.

Láti ọjọ́ náà, Habibullah bẹ̀rẹ̀ sí í ní oníbàárà àgbò ní Adéwọlé ju iye àgbò tó wà láyé lọ. Gbogbo Jímọ̀ ló ń dé, pẹ̀lú wàrà tútù nínú ike. Huda sọ ọ́ ní Bàbá Ajá.

"Bàbá Ajá, ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí ẹ. Ó ní híjáábù ẹ dùn ju eegun lọ."

Ṣùgbọ́n eré kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Zahrah kì í jáde bó bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí rẹ̀, Huda ra okùn pupa fún Habibullah. "Ẹ máa so ó. Ṣé ẹ ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

Habibullah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ajá oko? Èmi gan-an, mi ò rántí ìgbà tí mo gba abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn."

Alfa Abdulkadir, bàbá Huda, kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ pé Habibullah fẹ́ fẹ́ ọmọ òun. Odidi oṣù méjì ni ó fi ń wo Habibullah bí ẹni ń wo ẹṣin tó yarọ. Nígbà tó yá, ó pè é jókòó.

"Ajá tó ń ṣọ́ agbo ẹran, Sharia fi àyè sílẹ̀ fún un. N kò lè sọ ohun tí Ọlọ́hun fàyè gbà di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ajá ò gbọdọ̀ tún rìn ní Adéwọlé láìní okùn lọ́rùn. Bí mo bá rí i, má wá tọrọ ọmọ mi mọ́."

"Mo gbà, Alfa."

Ó gbà lóòótọ́. Gbígbà ò ṣòro, okùn ló ṣòro. Bó bá so Kòkànyín, ajá á máa sunkún bí opó, ọkàn Habibullah kò sì gbà á.

Ọjọ́ Àlàádì tí wọ́n dá fún ìtọrọ pé. Bàbá Sàlíhù, tó bí Habibullah, di àgbò funfun sẹ́yìn ọkọ̀. Kòkànyín fò wọ̀ ọ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò fẹnu kan oúnjẹ láàárọ̀ yẹn, ó sì bú ramúramù mọ́ ọwọ́ olówó rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Okùn pupa wà lára ìṣó.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀," bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó ti àgbò, Bàbá. Kò ní bọ́ọ́lẹ̀."

Inú ilé Alfa ni wọ́n wà, àdúà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Habibullah gbọ́ igbe níta. Ó sáré jáde. Zahrah ti rí ajá, ó sì ti sá, ọmọ tó bá sì sá fún ajá, ajá á lé e. Eyín Kòkànyín wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Habibullah já ajá náà kúrò, ó tì í mọ́ iwájú ọkọ̀. Ihò eyín méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ gan-an.

Ìyá àgbà Hàjàrá, ìyá Alfa, ti gbé búútà àti erùpẹ̀ dé. Ó wẹ ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀méje, ó ń ka súrà sí i. "Ó ti mọ́. Ó ti parí."

"Ìyá àgbà, ṣé kò yẹ ká gbé e lọ ọsibítù?" Huda béèrè jẹ́jẹ́.

"Lójú àwọn àna? Dókítà wo ló ju súnnà lọ? Bí bàbá ẹ bá gbọ́ pé ajá wọ Adéwọlé láìso, ṣé o mọ̀ pé ìtọrọ ti tú nìyẹn? Ó yá, lọ sọ fún un."

Huda wo Habibullah. Habibullah wo ilẹ̀.

"Eré ló ń ṣe," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dé ibi kankan.

Huda fa yẹ̀rì ọmọ náà wálẹ̀ bo ojú egbò, ó nu ojú rẹ̀, ó sì wọlé lọ gbé omi fún àlejò. Nígbà tí Alfa béèrè ohun tó ń pariwo, Ìyá àgbà ní àwọn ọmọdé ni. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ kẹrin, Kòkànyín kò lè gbé omi mì mọ́. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi ọṣẹ, ó ń gé igi ọgbà jẹ. Ìdájí Jímọ̀ ló kú sábẹ́ ilé àgùntàn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete. Ìgbà náà ni Habibullah rántí ajá aláìlólúwa tó bá Kòkànyín jà lẹ́bàá títì lóṣù méjì sẹ́yìn, tó fa etí rẹ̀ ya.

Bàbá Sàlíhù gbé ọkọ́. "A ó sin ín. Ìwọ náà á sì pa ẹnu ẹ mọ́. Wọ́n ti wẹ ọmọ náà."

"Bàbá, dìgbòlugi ni."

"Mo mọ̀. Bó o bá sọ ọ́, o ò níyàwó mọ́."

"Bí n ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

Habibullah gun ọ̀kadà. Ọ̀nà tó máa ń dà bí ìṣísẹ̀ méjì, ọjọ́ náà ó gùn ju ọ̀nà Mẹ́kà lọ. Huda ló ṣí gééètì.

"Bàbá Ajá! Wàrà dà?"

"Huda, ajá ti kú. Dìgbòlugi ló pa á."

Huda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú iyanrìn, bí aṣọ tó já lórí okùn. Alfa jáde pẹ̀lú láwàní Jímọ̀ lórí. Habibullah dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀: okùn tí kò lò, irọ́ tó pa, ojú tó fi wo ilẹ̀.

"Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje, ọmọ mi," Ìyá àgbà wí.

"Abọ́ ni wọ́n ní ká fọ̀ lẹ́ẹ̀méje, Ìyá," Alfa wí, ohùn rẹ̀ sì já. "Zahrah kì í ṣe abọ́."

Ó gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, Huda àti Habibullah sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ yẹn ni Jímọ̀ kọ́kọ́ fo Alfa Abdulkadir láti ogójì ọdún.

Dókítà kò purọ́ fún wọn. Ó fún Zahrah ní abẹ́rẹ́ yí egbò ká, ó fún un sápá, ó ní ìyókù á tẹ̀ lé e láàárín oṣù kan. "Ẹ pẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì pẹ́ jù. Àrùn yìí lè sá pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, ó lè tó ọdún kan. Bó bá ti fojú hàn, kò sóògùn. Ẹ máa wo bó ṣe ń mu omi. Ẹni tí dìgbòlugi bá mú, omi ló máa kọ́kọ́ kọ̀."

Huda sin Habibullah dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. "Ẹ má wá mọ́. Bí mo bá ń wò yín, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Zahrah ni mò ń rí. Ẹ̀bi tèmi náà ni mò ń rí, ọwọ́ tí mo fi fa yẹ̀rì yẹn wálẹ̀."

Habibullah gun ọ̀kadà rẹ̀. Ó relé. Ó sunkún tí àwọn àgùntàn fi jẹun kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Adéwọlé, àwọn òbí ti gbọ́. Wọ́n yọ ọmọ wọn lọ́dọ̀ Huda, mọ́kànlá di méjì.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Habibullah dún.

"Ó ti mu omi," Huda wí, ó sì pa á.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn Súbúhì. Kò sí báwo ni, kò sí Bàbá Ajá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn wúwo ju òkè Ṣóbí lọ, òun ni Habibullah sì ń jẹ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó ń so gbogbo ajá Òkè-Oyì tí olówó rẹ̀ bá gbà, ó ń fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbọ́ wọn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, fóònù kò dún.

Nígbà tó dé Adéwọlé, ó gbọ́ ohùn Huda láti ìta. "Zahrah, díẹ̀ sí i, ọmọ mi àtàtà. Kan ife yìí lẹ́nu." Ọmọ náà ń sunkún pé òun ò mu. Habibullah kò wọlé. Ó lóṣòó sí ìdí ògiri nínú oòrùn tó lè dín ẹyin, láti àárọ̀ títí di àsìkò Àsárì, nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà, tí wọ́n ti sáré gbé jáde kọjá rẹ̀ láìwò ó, dé láti ọsibítù. Ọ̀nà ọ̀fun ló wú u, ibà lásán ni. Huda gbé ife sí i lẹ́nu ní àgbàlá, gbogbo ilé sì yọjú wo ọ̀fun rẹ̀. Zahrah gbé omi mì. Ó tún gbé e mì.

Alfa bojú wo ìta, ó rí ọkùnrin tí oòrùn ti yan gbẹ.

"Láti ìgbà wo lo ti wà níbí?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, Alfa."

Alfa jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Okùn tí o kò so, n kò ní gbàgbé ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹun nínú ilé mi mọ̀, wọn ò sọ fún mi. Ìwọ tó mọ̀ pé o máa pàdánù lo wá sọ. Bí ọmọ yìí bá yè, ẹsẹ̀ tí o fi rìn wá lọ́jọ́ yẹn ni Ọlọ́hun lò. Máa bọ̀ fún yìgì ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Má kó èrò wá. Ṣùgbọ́n Huda kò ní kúrò nílé yìí títí ọdún á fi yí po. Òun ló ń tọ́jú ọmọ."

Wọ́n so yìgì náà ní pálọ̀, láàárín ìrun Jímọ̀ àti Àsárì. Wọn ò se nǹkan kan. Bàbá Sàlíhù kò lè gbé ojú sókè. Lẹ́yìn fátíà, Huda sin ọkọ rẹ̀ dé gééètì.

"Bó bá lọ ṣẹlẹ̀," ó wí, "mi ò mọ̀ bóyá mo máa lè wo ojú yín mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì gbà."

"Mo gbà. Mi ò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́."

Huda di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn ọwọ́ méjèèjì tutù bí ọwọ́ òkú. Habibullah gun ọ̀kadà, ó padà sí Òkè-Oyì láìní ìyàwó lẹ́yìn.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kò tíì ká ẹní ìrun nígbà tí fóònù dún. Ó gbé e sétí. Huda kò sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mímí rẹ̀, ó sì gbọ́ dídún ṣíbí nínú ife.

"Ó ti mu omi," Huda wí.

Kò pa á. Habibullah náà kò pa á. Wọ́n kàn wà níbẹ̀, ọ̀kan ní Adéwọlé, ọ̀kan láàárín àgùntàn, títí káàdì fi tán.