Ilẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù Mam

"Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, mi ò fẹ́ bá ẹsẹ̀ yín nínú ilé yìí mọ́. Ìwọ, ọmọ rẹ, àti ọ̀pá tí o fi ń tiro káàkiri."

Gethin ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, Delyth, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló sì ń pariwo lé lórí. Ohùn ọkùnrin yìí kì í ṣe ohùn kékeré. Iwájú ló máa ń dúró sí nínú ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin Cwm Gelli; tó bá ti la ẹnu, gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, gbogbo kọ́tìnì àdúgbò ló ń mì. Ìyáàfin Pugh tó ń gbé ní òdìkejì títì kò tilẹ̀ fara pamọ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀ jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó sanwó ìran.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Gethin wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mi ò rí pẹ́nì kan."

"Ṣé èmi ni mo dì í mú? Káńsù ló dá owó ìrànwọ́ tí mo fi ń san owó ilé dúró. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni onílé mi, kí n mú ìwé àdéhùn wá, kí àwọn lè mọ̀ pé owó ilé ni mo ń san lóòótọ́. Kọ ìwé náà fún mi, Gethin. Ojú ìwé kan péré."

"Ìwé? Láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò? Ṣé bí bàbá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn? Ọ̀rọ̀ ẹnu ló so ẹbí wa pọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu náà lo sì fi ń lé mi síta."

"Ẹnu rẹ mú, Delyth. Ká ní ìgbáròkó rẹ yá bí ẹnu rẹ ni, ò bá ti ríṣẹ́ ṣe."

Ó yí padà, ó bọ́ sí ọ̀nà mọ́tò rẹ̀. Lowri, ọmọ Delyth, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò lọ́wọ́. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ìwé tó ṣí kalẹ̀ kò tíì yí padà láti àárọ̀.

Ọdún méjì ni ìyá àti ọmọ ti ń gbé nílé yìí. Ilé bàbá Gethin àti Delyth ni. Nígbà tí bàbá kú, Gethin tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì ra ìpín àbúrò rẹ̀, ó sì gbé ilé náà fún un láti máa san owó rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Delyth ń kó àádọ́rin pọ́n-ùn sínú jọ́ọ̀gì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Gethin á dé, á kó owó, á fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, á kọ déètì àti orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bí bàbá wọn ṣe ń ṣe pẹ̀lú ẹni tó ń kó èédú wá fún un nìyẹn. Kò sí ìwé mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, Lowri jáde lọ ra búrẹ́dì. Mọ́tò Gethin ṣì wà ní kọ̀rọ̀.

"Lowri bach, ọmọ kékeré mi," ni ó wí, bí ẹni tó ń tan ọmọ ológbò. "Wọlé, òtútù ń mú. Ìyá rẹ lọ́ra, ìwọ lo ní ọpọlọ. Wọ́n ní o mọ kọ̀ǹpútà. Ṣe ìwé yẹn. Kọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ tí ẹ kó wọlé la ti ṣe é. Àádọ́fà pọ́n-ùn lọ́sẹ̀."

"Àádọ́rin ni, Ọ́ńkù."

"Àádọ́fà ni mo wí. Owó ìjọba ni, ṣé ti bàbá rẹ ni?"

Bàbá Lowri kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un ju orúkọ lọ, Gethin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Fọwọ́ ìyá rẹ sí i. Fọwọ́ tèmi náà sí i, mò ń sáré lọ síbi ìdánrawò orin. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mi ò lò, tìrẹ ni. Tí o ò bá sì fẹ́, ọjọ́ Ẹtì ò jìnnà."

Nígbà tí Lowri padà délé, ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ìgbáròkó tó ń dùn ún, ó ń fi ọ̀bẹ ìjẹun tú ìṣó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Mam, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbé e lọ bá káńsù lọ́la. Bí Gethin ò bá kọ ìwé, ó ṣáà ti kọ ilẹ̀kùn."

"Ẹ fẹ́ gbé ilẹ̀kùn wọ bọ́ọ̀sì?"

"Ṣé wọ́n ní kí ilẹ̀kùn má wọ bọ́ọ̀sì ni?"

"Bọ́ọ̀sì tí gbogbo kíláàsì mi ń wọ̀? Mam, wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ya yín ní fọ́tò."

"Kí wọ́n yà mí dáadáa. Mi ò ya fọ́tò láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi."

Ohun tó parí ọ̀rọ̀ fún Lowri nìyẹn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà Gethin. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ilẹ̀kùn lábẹ́ apá kejì, àwọn ọmọ kíláàsì ń gbé fóònù sókè láti yà á. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn. Kí ìwé lè jọ òótọ́, ó ka ilé náà ní ẹyọ ẹyọ: yàrá méjì lókè, ilé ìdáná, ọgbà kékeré, ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀ tó ní irin ìdìmú méjì. Ó fọwọ́ ìyá rẹ̀ sí i, ó fọwọ́ Gethin sí i, ó lẹ àpòòwé pa, ó kọ "Káńsù Nìkan" sí i lára.

"Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀," ló wí láàárọ̀. "Ọ́ńkù ti kọ ìwé náà."

Delyth dúró. "Gethin? Gethin kọ ìwé?" Ó gba àpòòwé náà, ó fi í mọ́ àyà. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ á pe ẹ̀jẹ̀." Ó gbé ilẹ̀kùn náà ti ògiri ilé ìdáná.

Lowri bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Wọ́n ti pe Gethin náà. Ó dé pẹ̀lú táì ẹgbẹ́ akọrin lọ́rùn. Ìyáàfin Beddoe, òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, já àpòòwé, ó kà á, ó tún un kà.

"Ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí," ni ó wí, "ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni," ni Delyth dáhùn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Káńsù ló kọ́ ọ fún mi nítorí ìgbáròkó mi. Oṣù kẹwàá tó kọjá. Mo dúpẹ́ gan-an ni."

Ìyáàfin Beddoe yí ìwé náà sí i. "Ìwé yìí ti rí irin ìdìmú méjèèjì ní ọdún kan ó lé kí a tó gbé bíríkì àkọ́kọ́ wá."

Wọ́n ní bí irọ́ bá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Lowri kò rin ọjọ́ kan pé.

"Ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

Delyth tẹjú mọ́ orúkọ ara rẹ̀. "Ó jọ tèmi. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Ìka rẹ̀ sún sókè. "Àádọ́fà? Ta ló ń san àádọ́fà?"

"Mi ò rí ìwé yìí rí," ni Gethin já a gbà. "Ọmọ yẹn ló ṣe é. Kọ̀ǹpútà ti jẹ ọpọlọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tán."

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan," ni Ìyáàfin Beddoe wí. "Bí àbúrò yín kò bá sanwó, ṣé ẹ máa lé e jáde?"

Gethin tún táì rẹ̀ ṣe. Ohùn tó fi ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi ló gbé jáde. "Kí n lé àbúrò mi? Ìyá kan náà ló bí wa. Bó san, bí kò san, ilé rẹ̀ ni."

Òṣìṣẹ́ náà fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. "Ó tán nìyẹn. Kì í ṣe owó ilé, àánú ẹbí ni. Káńsù kì í sanwó lórí àánú. A máa gba owó ọdún méjèèjì padà lọ́wọ́ obìnrin yìí."

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Delyth. Kò sí ẹni tó bá a mú un.

Lowri dìde. Bó bá dákẹ́, wọ́n lè pè é ní àṣìṣe ọmọdé. Bó bá sọ̀rọ̀, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo ṣe ìwé náà, èmi ni mo fọwọ́ àwọn méjèèjì sí i. Òun ló ní kí n kọ àádọ́fà, òun ló ní òun á fún mi ní kọ̀ǹpútà. Àádọ́rin la ń san. Ó sì ti lé wa. Lánàá, lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ pe Ìyáàfin Pugh, ó gbé tíì jáde láti gbọ́ ọ."

Ojú Gethin pọ́n. "Ẹnu ìyá rẹ lo jogún. Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì ṣì ni ọjọ́ Ẹtì, kí n má bá ìkòkò yín níbẹ̀."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ibi tó wà. Ìyáàfin Beddoe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mo ti wá gbà pé owó ilé ni," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ìwé irọ́ ti dé orí tábìlì mi. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń lọ bá àwọn tó ń wádìí jìbìtì. Wọ́n á pè yín, Ọ̀gbẹ́ni. Wọ́n á pe ìwọ náà, ọmọ yìí. Títí wọ́n á fi parí, káńsù ò ní san pẹ́nì kan."

"Ká ní mi ò mú ìwé kankan wá ńkọ́?" ni Delyth bi í. "Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan wà nílé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó bá gbowó, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mo fẹ́ gbé e wá láàárọ̀."

Ìyáàfin Beddoe mi orí. "Ká ní ilẹ̀kùn yẹn lẹ gbé wá, Ìyáàfin, ẹ̀ bá ti gbowó yín lọ sílé lónìí. Òtítọ́ tó wà nílé yín tó yín. Ẹni tó fi irọ́ kún un ló bà á jẹ́."

Delyth bẹ̀rẹ̀, ó fi ìrora mú ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"O ní wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wo ojú wọn, Lowri. Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"