Ta Ló Gbe Orin Kareemah?

Ẹ bi mí lónìí, ẹ bi mí lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, bákan náà ni màá sọ ọ́. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí sitúdíò mi lẹ́yìn ọjà Odò-Orí. Kó jókòó sínú yàrá tí a ti ń gba orin sílẹ̀, kó pa ẹnu mọ́ fúngbà díẹ̀.

Olútáyọ̀ lorúkọ mi. Orin ẹlòmíràn ni mo ń gbà sílẹ̀ jẹun. Èmi fúnra mi ò lè kọrin. Ìyàwó mi ní bí mo bá ń kọrin nílé ìwẹ̀, adìyẹ á tú ká. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní etí, etí yìí ò sì tíì tàn mí rí.

Ní Ìwó, bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀. Ẹ kàn béèrè pé nínú Kareemah àti Oyèníkẹ́, ta ló lóhùn jù? Àwọn ọlọ́kadà á ní Oyèníkẹ́ ni. Àwọn aránṣọ á ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, wọ́n á ní ẹ má jẹ̀ẹ́ káwọn gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín ni, torí mo mọ ọ̀fun àwọn méjèèjì bí ẹní mọ ilé baba rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni ohùn Oyèníkẹ́ ń gbé. Ó nípọn, kì í kánjú. Bó bá fa ọ̀rọ̀ kan gùn, kì í gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Á kàn gbé e kalẹ̀ níwájú yín, ara yín á sì balẹ̀. Òkè ni Kareemah ní tirẹ̀. Ilé kéwú ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èémí kan ṣoṣo yí ohùn po. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kì í já. Bó bá ti ń gòkè, ẹ̀rù á máa bà yín fún un, ẹ ó máa ní ó tó, ó tó. Òun á tún gòkè sí i. Mo ti sunkún rí nídìí kọ̀ǹpútà nítorí ohùn yẹn, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́.

Àṣà kan wà nídìí iṣẹ́ mi. Kí n tó gba orin ẹnikẹ́ni sílẹ̀, màá mú un gun kíbọ́ọ̀dù. Màá tẹ eyín kan, á kọ ọ́. Màá tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, á kọ ọ́, títí ọ̀fun rẹ̀ á fi kọ̀. Níbi tó bá kọ̀ sí, màá lẹ pépà kékeré tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Pépà Oyèníkẹ́ ló jìnnà jù lápá òsì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò lè dé. Ti Kareemah ló jìnnà jù lápá ọ̀tún. Kò tíì sẹ́ni tó kọjá wọn.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan wú sí Kareemah lọ́rùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀mí rẹ̀ sì yọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ò bá a jáde. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa o. Orin ni kò gòkè mọ́. Àwọn elégbè rẹ̀ dúró tì í díẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n lọ bá Oyèníkẹ́. Mi ò bá wọn wí. Ẹnu tó ń kọrin náà ló ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun alásárì, Kareemah yọ sí mi. Òjò ṣú. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá Táyọ̀."

"Kareemah. Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún eré ńlá kan ní Ilé-Ogbó. Wọ́n ti pe Oyèníkẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ orin tuntun lẹ́nu Kareemah káwọn tó mọ̀ bóyá àwọn á pe òun náà.

"Bí ohùn ò bá jáde lónìí, mo parí orin nìyẹn," ló wí. "Màá lọ bá ìyá mi yan gààrí ní Kuta."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gun kíbọ́ọ̀dù yín."

A gùn ún. Kò tíì dé ìdajì ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ fi kọ̀. Mo lẹ pépà tuntun síbẹ̀. Mi ò yọ ti àtijọ́. Ọkàn mi ò gbà á.

Mo pa jẹnẹrétọ̀ kí ariwo rẹ̀ má baà wọlé. Iná bátìrì la lò. Gbogbo ara ògiri yàrá yẹn ni mo lẹ páálí ẹyin mọ́. Ohùn kì í ta padà níbẹ̀. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́, ògiri á gbé e mì. Kareemah dúró níwájú máíkì, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ tuntun.

"Ọ̀nà jìn, mo ti ń bọ̀ o..."

Ìgbà náà ló ṣe ohun tí gbogbo ọmọ ilé kéwú tó ń kọrin máa ń ṣe, tí wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé àwọn ṣe é. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó yíjú sẹ́yìn, ó ní:

"Ẹ bá mi gbè é o!"

Ó wá dákẹ́, ó fi àyè sílẹ̀ fún elégbè.

Kò sí elégbè. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa bá orin lọ.

"Máa bọ̀, ilé ò jìnnà."

Inú yàrá náà ni ohùn kan ti dáhùn. Ó tín-ín-rín, ó mọ́, ó yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gòkè, ó sì dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kó tó parí ọ̀rọ̀. Ohùn Kareemah ni. Ti àtijọ́.

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ó pa á dé.

Mo rò pé mo ṣèèṣì ṣí orin rẹ̀ àtijọ́ kan ni. Mo wo kọ̀ǹpútà. Kò sí èyí tí mo ṣí. Mo tún ohun tí a gbà sílẹ̀ gbọ́. Ó wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ kí n tún pè é."

Ó pè é. Ohùn náà dáhùn. Kareemah tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà gòkè kọjá pépà rẹ̀ àtijọ́. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, kò kánjú, ó kọjá ibi tí Oyèníkẹ́ ń dé, ó lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí mi ò mọ̀ pé ọ̀fun obìnrin lè dé. Kò já níbì kankan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kó tán.

Nígbà tí Kareemah tún fẹ́ kọrin, ohùn já mọ́ ọn lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀. A padà sídìí kíbọ́ọ̀dù. Eyín tó gùn láìpẹ́ yìí, kò lè gùn ún mọ́. Pépà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ti ga jù fún un.

Bó ṣe ń pè é ni tirẹ̀ ń dín.

"Má pè é mọ́," mo ní.

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ohùn mi ni, Bọ̀dá Táyọ̀."

"Mo mọ̀. Má pè é mọ́."

Ó fi ohùn tó kù kọ orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò gbé ọwọ́ sókè. Kò fi àyè sílẹ̀ rárá, ó ń fi ọ̀rọ̀ kan lé òmíràn. Ohùn kékeré ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Èyí la fi ránṣẹ́. Wọ́n sì pè é.

Lọ́jọ́ eré ní Ilé-Ogbó, èrò tó ń pariwo dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Oyèníkẹ́ dúró sí.

"Bọ̀dá Táyọ̀," ó ní, "mo lóhùn jù ú lọ báyìí. Kí ló dé tẹ́rù ń bà mí láti kọrin tẹ̀ lé e?"

Lọ́jọ́ kejì, Kareemah wá kí mi kú àná. Ó gbé gààrí ìyá rẹ̀ dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀ nínú yàrá yẹn. Mo jókòó tì í. Máíkì ò sí lórí iná.

"Ọ̀nà jìn, mo ti ń bọ̀ o..."

Kì í ṣe Kareemah ló kọ ọ́. Ohùn náà ni. Elégbè ti wá di ẹni tó ń lé orin. Ó kọ ọ́ jinlẹ̀, ó kọ ọ́ sókè, ó wá ní:

"Ẹ bá mi gbè é o!"

Ó dákẹ́. Ó ń dúró.

"Ẹ ò rí i," Kareemah wí, "ó fi àyè sílẹ̀ fún mi."

Bó bá dáhùn, ó lè jẹ́ pé ohùn náà á padà wálé. Ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ tó kù lọ́fun rẹ̀ á bá a lọ. Òun náà mọ̀. Ó wò mí, ó mí sínú, ó la ẹnu.

Ó yẹ kí n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ.