Ètò Tí Ẹnjiníà Pa Lẹ́nu Mọ́

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Ẹnjiníà wí, ó sì fi bírò lu tábìlì.

Gbogbo ilé ló ń pe ọmọbìnrin náà ní Ẹnjiníà, nítorí òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àpótí oníná tí ìyá rẹ̀ fi ń pa ẹyin di ọmọ adìẹ. Àrùn ti gbá gbogbo adìẹ ìyá náà lọ. Ẹyin inú àpótí yẹn nìkan ló kù tó lè fi tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ooru àpótí bá lọ sílẹ̀, ètò ló yẹ kó ké. Àmọ́ ètò náà kì í dákẹ́. Bí ooru bá dára, á ké; bó bá ka ooru tán, á tún ké pé òun ti kà á. Ìdánwò àṣekágbá ọmọ náà sì ti dé tán, ó sì fẹ́ kàwé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ti kọ́ ọ lọ́nà àbáyọ. Kò ní í fọwọ́ kan ètò rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò kọ sínú kọ̀ǹpútà, níta ètò. Bí ètò bá ti ń jí, á kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà kó lè mọ bí ọ̀rọ̀ òun yóò ṣe pọ̀ tó. Bó bá kọ "gbogbo," ètò á máa rojọ́ bó ṣe ń rò ó yìí. Bó bá kọ "ìkìlọ̀," ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́ nìkan ni yóò lanu. Bó bá kọ "dákẹ́," kò ní í sọ nǹkan kan, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Ẹ̀gbọ́n ní kó kọ "ìkìlọ̀."

Ṣùgbọ́n inú ti bí ọmọ yìí kọjá ìkìlọ̀. Ó kọ "dákẹ́," ó tún ètò tan, yàrá sì pa lọ́lọ́. "Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́," ló wí fúnra rẹ̀, ó ṣí ìwé.

Ìyá rẹ̀ yọjú lálẹ́ pé kó máa fọwọ́ kan àpótí náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Ìyá tún sọ ọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kàwé. Ètò ń ṣọ́ ọ."

Òótọ́ ni, ètò ń ṣọ́ ọ. Ó rí i nígbà tí gílóòbù tó ń mú ẹyin móoru jó, ó rí i bí ooru ṣe ń lọ sílẹ̀, ó sì panu mọ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

Nígbà tí ìyá fọwọ́ kan àpótí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tutù bí ìkòkò omi. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n. Ó gbé àwọn ẹyin náà síwájú iná tọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo inú wọn, ó sì mi orí. Kò sí èyí tó ń mira nínú wọn.

Ẹnjiníà ní ètò ló da òun, kò sọ fún òun.

"Ta ló ní kó má sọ?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rí ọ̀rọ̀ náà, ó mí kanlẹ̀. "Ṣé orí bíbẹ́ ni oògùn orí fífọ́?"

Ọmọ yìí ń retí kí ìyá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ó kó ẹyin sínú garawa, ó gbálẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́ ìwé, síbẹ̀ ọmọ náà kò lè ka ojú ewé kan.

Nígbà tó yá, ó pa "dákẹ́" rẹ́, ó kọ "ìkìlọ̀" dípò rẹ̀, ó sì lọ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Ó ti wá yé e pé ọ̀tọ̀ ni ká dín ariwo kù, ọ̀tọ̀ ni ká pa ẹni tó ń kìlọ̀ fún wa lẹ́nu mọ́.

"Màmá," ló wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí."