Ọwọ́ Òsì Lójú Títì

"Sáré kọ ọ́, jàre! Bọ̀ọ̀dá Mashood ò ní í dúró dè ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo ra mọ́tò fún un."

Marufat ló ń sọ̀rọ̀. Orí gbòǹgbò igi máńgòrò ẹnu géètì ilé-ìwé wọn ní Ọ̀yọ́ ló jókòó sí, ó ń fi ìwé ìṣirò fẹ́ ara rẹ̀. Olúwafèyíkẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tẹ́ ìwé sórí orúnkún, ṣùgbọ́n kò tíì kọ ohunkóhun kọjá "Bàbá mi ọ̀wọ́n."

"Kí ni kí n ní ó ń ṣe mí?"

"Sọ pé inú ń run ọ́."

"Inú rírun! Bàbá mi á ní kí n lọ mu omi gbígbóná."

"Ó dáa, sọ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ. Àbí omi gbígbóná náà ni yóò ní kí wọ́n fi là ọ́ nínú?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, ẹ̀rín yìí ni kò kúrò létí Fèyíkẹ́mi títí dòní.

Ọ̀la ni ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n Marufat ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdánwò àṣekágbá kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ mọ́, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ń gbé ọgbà kò gbọdọ̀ jáde, àfi tí òbí tàbí ẹbí rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá mú un. Àbúrò bàbá Marufat yóò wá mú un ní ìrọ̀lẹ́. Elijah, bàbá Fèyíkẹ́mi, tó ń wakọ̀ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ti sọ tirẹ̀ láti ìgbà ìsinmi pé ìwé ni kí ọmọ òun kà.

"Ẹ̀yin ọmọ Onítẹ̀bọmi," ni Marufat wí, "ẹ ò mọ̀ ju orin kíkọ lọ. Ó dáa, jókòó síbí. Èmi á bá ọ jẹ ìpín tìrẹ nínú ẹran."

Fèyíkẹ́mi kọ ọ́. Ó ní dókítà ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ni, pé òun kò lè dìde, kí bàbá òun tètè wá gbé òun lọ sílé. Èrò rẹ̀ ni pé, bí òun bá ti dé ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú yóò sàn, àti pé lọ́jọ́ Sátidé, bí bàbá òun bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun yóò yọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Ó lẹ ẹnu àpòòwé náà pọ̀. Marufat gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé: Ẹ KÀ Á LÓJÚ ẸSẸ̀.

Láyé ìgbà náà, bí ọdún 1988, tẹlifóònù wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ àti nílé àwọn ẹni ńlá. Awakọ̀ ni tẹlifóònù mẹ̀kúnnù. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnìkan gbàgbé, oògùn ìyá arúgbó, ìròyìn pé aya lágbájá ti bímọ, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí awakọ̀ méjì tó mọ ara wọn bá pàdé lójú ọ̀nà, wọn á tan iná síra wọn, wọn á dín eré kù díẹ̀, oníkálukú á na ọwọ́ òsì jáde lójú fèrèsé, lẹ́tà á sì ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Táyà kò ní í dúró. Ọwọ́ òsì tí ọmọ Yorùbá kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, lójú títì nìkan ni kò ti jẹ́ àrífín. Elijah ni ọ̀gá wọn nídìí iṣẹ́ yìí. Kì í tilẹ̀ dín eré kù rárá kó tó gbà á, àwọn ọmọ ẹ̀bá ọ̀nà a sì máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí Mashood, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, dé, Fèyíkẹ́mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún bàbá mi lójú ọ̀nà. Kí wọ́n kà á kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́, torí tí wọ́n bá ti kó èrò tán ní gáréèjì, wọn á yí padà ni."

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, sà."

Mashood fi lẹ́tà há etí fèrèsé, ó ṣáná sí ọkọ̀.

Fèyíkẹ́mi lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di inú mú. Aago méjìlá kọjá. Aago méjì kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, wọ́n ní àlejò dé fún un. Kì í ṣe bàbá rẹ̀. Mashood ni, ó dúró lẹ́nu géètì láìwọlé, ó sì bọ́ fìlà.

"Kẹ́mi, bàbá rẹ wà láàyè."

Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ ló jẹ́ kí ọmọ náà bèèrè. "Ta ni kò sí láàyè?"

"Timothy ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ará Ìrẹsà kan tó ń dáko nítòsí Odò Ọbà. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà, ó ń gbé iṣu lọ sọ́jà." Mashood ń yí fìlà lọ́wọ́. "Mo na lẹ́tà sí bàbá rẹ, ó gbà á, ó tún rẹ́rìn-ín sí mi. Mo dé gáréèjì Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ tán ni wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ ti yà kúrò lójú títì, ó sì gbá ọkùnrin náà. Kẹ́mi, kí lo kọ síbẹ̀?"

 Ojú Fèyíkẹ́mi wà lára bọ́tìnnì àyà ẹ̀wù Mashood. Òwú pupa ni wọ́n fi rán ìkan, funfun sì ni ti ìyókù. Ó ń retí kí ẹkún dé, ẹkún kò dé. Ńṣe ni ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti di ọwọ́ òsì Elijah láti èjìká dé ìka. Bí ó ti rí ọmọ rẹ̀, ó gbìyànjú láti jókòó.

"Inú ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ tí bàbá kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Lójú títì níta, àwọn ọkọ̀ ìgbéyàwó kan ń fọn fèrè kọjá lọ. Fèyíkẹ́mi gbọ́ wọn bí ẹni gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú mìíràn.

"Kò sí iṣẹ́ abẹ kankan, sà," ni ó wí. "Irọ́ ni mo pa. Ìgbéyàwó ni mo fẹ́ lọ."

Elijah wo òkè àjà. Kò pariwo. Ì bá ṣe pé ó pariwo, ì bá sàn.

"Gbọ́," ni ó wí. "Mo ti sọ fún ọlọ́pàá àti fún alága ẹgbẹ́ awakọ̀ wa pé oorun ló gbé mi lọ. Lẹ́tà náà wà nínú Bíbélì mi yìí. Mú un, kí o lọ dáná sun ún. Èmi ni mo di sítárìn mú, ìwọ kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ru òkú."

Fèyíkẹ́mi mú un, ṣùgbọ́n kò sun ún. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó jẹun, ó sùn, ó wẹ̀. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, kò sì rántí ìbéèrè kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò parí, ẹgbẹ́ awakọ̀ pe ìpàdé ní gáréèjì Tákíè lórí ọ̀rọ̀ náà. Fèyíkẹ́mi di apá ọ̀tún bàbá rẹ̀ mú wọlé. Mùílì, alága wọn, jókòó nídìí tábìlì. Comfort, opó Timothy, jókòó sórí àga kan níwájú, ó wọ dúdú.

"Ẹni tí oorun bá ń kùn kó máa sinmi," ni Mùílì wí. "Òfin tí a ó ṣe nìyẹn."

"Alága," ni Comfort wí jẹ́jẹ́, "aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Oorun wo ló ń kun èèyàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀?"

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Gabriel dìde. "Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́! Ẹ jẹ́ ká fòfin de lẹ́tà gbígbà lórí eré."

"Jókòó, Gabriel!" ni ẹlòmíràn kígbe láti ẹ̀yìn. "Ta ni yóò máa jíṣẹ́ fún àwọn èèyàn wa? Ìyá ẹ ní Ọ̀yọ́, ṣé ẹyẹlé ni yóò gbé oògùn rẹ̀ lọ? Lẹ́tà kò pa ẹnikẹ́ni rí. Oorun ni Elijah sùn, ó ti sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Elijah kò gbójú sókè. Fèyíkẹ́mi rí i nígbà náà pé, bí òun bá dákẹ́, ọ̀la náà ni wọn yóò tún na ọwọ́ jáde. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ni yóò ti kú kí ogún ọdún tó pé?

Ó dìde. Bàbá rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó lọ gbé lẹ́tà náà lé orí tábìlì. Àpòòwé rẹ̀ ya létí níbi tí Elijah ti fi eyín ja á.

"Bàbá mi kò sùn. Èyí ni wọ́n ń kà. Èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ló wà nínú rẹ̀."

Mùílì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. 

Comfort wo ọmọ náà lójú. "Ìgbéyàwó ọ̀hún, ṣé o lọ?"

"Mi ò lọ, mà."

Comfort mi orí. "Iṣu mẹ́jọ ló gbé jáde nílé. Mẹ́rin ni wọ́n bá mi rí kó." Ó dìde. "Ẹ ṣe òfin yín. Mo fẹ́ máa lọ."

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà: ẹni tó bá na ọwọ́ gba ohunkóhun nígbà tí táyà ń yí, kò tún gbọdọ̀ kó èrò ní gáréèjì yẹn mọ́. Ilé-ẹjọ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ Elijah. Táyà àlòkù ló tà títí ó fi darúgbó. Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ rẹ̀ lára rí, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì nà tán mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Àwọn ọmọ Fèyíkẹ́mi alára ti ń bímọ. Láìpẹ́ yìí, ó wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, ó ń lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Odò Ọbà, fóònù dírẹ́bà dún. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ kan di sítárìn mú, ó ń fi ìkejì wá a nínú àpò.

"Dírẹ́bà, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ dúró."

"Màmá, ìṣẹ́jú kan péré ni."

"Mo mọ̀. Mo mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe gùn tó. Dúró, ọmọ mi."

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìyàwó rẹ̀ ló pè. Kò rí ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó dá a lóhùn, wọ́n sì tẹ̀síwájú. Lórí afárá, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá pàdé wọn, iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń súfèé. Fèyíkẹ́mi yíjú padà, ó wò ó títí ó fi kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, irọ́ tí ẹ pa fún òbí lè bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹnìkan wà nídìí sítárìn, ẹ má ṣe pè é. Ẹ̀yin awakọ̀, kò sí iṣẹ́ tí a rán yín tí kò lè dúró kí táyà dúró. Bí wọ́n bá ṣòfin pé kí ẹ má fọwọ́ kan fóònù lórí eré, ẹ má bínú sí i. Ẹnìkan ti kú kí ẹ tó gbọ́ òfin náà.